Ẹ̀rọ Ayàwòrán tí Í Mú Ni Tẹrí Ba

Àwọn àgbà a máa wí pé àjò kì í dùn títí kí onílé má re ilé. Nígbà tí ọmọ Yorùbá tí ó fi Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì ṣe ibùjókòó bá ń di ẹrù láti lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀fà, ó yẹ kí ohun tí yóò fi ya àwòrán wà nínú ẹrù náà. Àwọn tí ó fi sílẹ̀ nílé ń dàgbà sí i. Ilé alámọ̀ tí a bí i sí ń wó lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá sì di ọdún mìíràn kí ó tó tún délé, ojú tí ó rí ní èṣí lè má sí níbẹ̀ mọ́.

Tẹlifóònù alágbèéká ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ya àwòrán lóde òní, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ó ti bá tẹlifóònù tí ó bàjẹ́, tàbí tí olè gbé, lọ. Èyí wà lára ìdí tí àwọn kan fi ń padà sí ìdí ẹ̀rọ ayàwòrán tí ń lo fíìmù fífẹ̀ tí a mọ̀ sí 120. Ilé-iṣẹ́ Kodak ti Amẹ́ríkà ni ó mú fíìmù yìí jáde ní ọdún 1901, a sì ń ṣe é títí di òní. Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6. Bí ẹ̀rọ bá ń ya àwòrán onígun mẹ́rin tí ó dọ́gba, 12 péré ni fíìmù kan gbà, ṣùgbọ́n àyè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ju ìlọ́po mẹ́ta àwòrán orí fíìmù kékeré ti 35 lọ. Ìdí nìyí tí ilà ojú bàbá àgbà àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí ó wà lọ́rùn agbádá rẹ̀ fi ń hàn kedere nígbà tí a bá sọ àwòrán náà di ńlá tí a gbé kọ́ ara ògiri.

ÌWỌ̀N EKU NI ÌWỌ̀N ÌTẸ́

Ẹ̀rọ tí ń lo fíìmù yìí pọ̀, gbogbo wọn kọ́ ni ó sì yẹ arìnrìn-àjò. Mamiya RB67, tí àwọn ará Jàpáànù mú jáde ní ọdún 1970, ń ya àwòrán tí ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo ju kílò 2 lọ. Inú ilé ìyàwòrán ni ó tọ́ sí. Ẹni tí ó bá gbé e kọ́rùn láti Kàdúná dé Ìbàdàn yóò kábàámọ̀. Hasselblad 500C ti ilẹ̀ Sweden, tí ó jáde ní ọdún 1957, fúyẹ́ jù ú lọ. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbé dé inú òṣùpá ní ọdún 1969, kò sì sí ìrìn-àjò tí ó jìn ju èyíinì lọ. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ariwo rẹ̀ sì máa ń ta ẹni tí a ń yà jí.

Ìkẹta ni ẹ̀rọ olójú méjì: Rolleiflex ti ilẹ̀ Jámánì, tí ó jáde ní ọdún 1929, àti Yashica Mat-124G ti Jàpáànù, tí ó jáde ní ọdún 1970. Ojú òkè ni a fi ń wòran, ojú ìsàlẹ̀ ni ó ń ya àwòrán. Ó wúwo tó nǹkan bíi kílò 1, kì í pariwo, a kì í sì í pààrọ̀ ojú rẹ̀. Àwọn tí ó dàgbà yóò rántí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onífọ́tò ìlú wọn. Èyí ni ó yẹ arìnrìn-àjò jùlọ.

Tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn nísinsìnyí. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà kọ́kọ́ wo inú dígí rẹ̀, bóyá ọ̀rinrin ti mú kí nǹkan funfun bí òwú aláǹtakùn hù sí i. Kí ó yí i sí ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ó sì fetí sí i bóyá ó ń há. Lẹ́yìn náà, kí ó fi fíìmù kan dán an wò kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé.

FÁTÚMBÍ ÀTI ROLLEIFLEX RẸ̀

Ẹni tí ó fi iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí hàn gbogbo ayé ni Pierre Verger, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní Paris ní ọdún 1902. Ní ọdún 1932 ni ó kọ́ṣẹ́ àwòrán yíyà, ó ra Rolleiflex, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rin káàkiri ayé. Ní ọdún 1946 ó gúnlẹ̀ sí Bahia ní Brazil, níbi tí àwọn ọmọ ẹrú tí a kó láti ilẹ̀ Yorùbá ti ń bọ Ṣàngó àti Ọ̀ṣun. Ní ọdún 1948 ó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Kétu ni ó ti di babaláwo ní ọdún 1953, tí a sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, èyí ni pé Ifá tún un bí. Àwòrán rẹ̀ fi hàn bí ẹ̀sìn àwọn ará Bahia àti ti àwọn ará Dàhòmì àti Nàìjíríà ti jọ ara wọn. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1996, àwòrán tí ó fi sílẹ̀ lórí fíìmù ju 60,000 lọ. Wọ́n wà ní ìpamọ́ ní ìlú Salvador títí di òní.

Ìrísí ẹ̀rọ náà wà lára ohun tí ó ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń lò ó kì í nà án sí ojú ènìyàn bí ẹni ń na ìbọn. Àyà ni ó ń gbé e sí, tí yóò sì tẹ orí ba láti wo inú rẹ̀. Lójú Yorùbá, ẹni tí ó tẹrí ba níwájú àgbà ti kí i. Àwọn baba wa sì wí pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà: nítorí pé ẹ̀rọ kò bo ojú ayàwòrán, ó lè gbójú sókè nígbàkigbà kí ó bá ẹni tí ó ń yà sọ̀rọ̀.

BÍ A TI Ń LÒ Ó

Ẹni tí ó ní àwòrán 12 péré kò gbọdọ̀ kánjú. Kí ó kọ́kọ́ kí ènìyàn, kí ó tọrọ àyè, kí ó sì fi ohun tí àwọn onílé kò fẹ́ kí a yà sílẹ̀. Bí oòrùn bá mú gan-an, tí nọ́ńbà ara fíìmù sì jẹ́ 100, kí ó fi ihò ojú ẹ̀rọ sí 16, kí ó sì fi ìyára rẹ̀ sí ìdá 125 ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán a máa fi òjìji bo ẹyinjú. Ó sàn kí màmá àgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó kọjú sí ìta, kí a sì ṣí ihò náà dé 5.6. Ọ̀tún a máa di òsì nínú dígí òkè, ó sì gba sùúrù kí ọwọ́ tó mọ́ ọn. Bí a bá sún mọ́ ènìyàn púpọ̀, kí a gbé ẹ̀rọ sókè díẹ̀, kí a má ba à gé e lórí.

Ooru ni ọ̀tá fíìmù. Kí a má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ó wà nínú oòrùn. Nígbà ọyẹ́, kí a fi ọ̀rá wé ẹ̀rọ nítorí eruku. Abẹ́ ibòji ni a ti ń ki fíìmù bọ inú ẹ̀rọ. Ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú kò gbọdọ̀ fi í sínú ẹrù tí yóò lọ sí abẹ́ ọkọ̀, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ayẹrùwò a máa bà á jẹ́. Kí ó mú un dání, kí ó sì bẹ àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Fíìmù wọ́n, ibi tí a ti lè fọ̀ ọ́ kò sì pọ̀ mọ́, nítorí náà kí a wádìí ibẹ̀ kí a tó kúrò nílé. Nígbà tí a bá fọ̀ ọ́ tán, kí a tẹ àwòrán kọ̀ọ̀kan ní méjì, ọ̀kan fún ẹni tí a yà, ọ̀kan fún ilé ẹni ní ìdálẹ̀. Kí a fi pẹ́ńsù kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Kánò, tí kò bá ìyá baba rẹ̀ láyé, yóò ka orúkọ náà, yóò sì mọ ibi tí ó ti mú ojú rẹ̀ wá.