Ìperí fún Àtẹ Àṣàyàn inú Ìwé Orí Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáárà

Nígbà tí Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ó dá lé. Iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ṣì pọ̀ nílẹ̀ fún wa. Ẹ jẹ́ kí a mú ohun kékeré kan yẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá ń ṣe fọ́ọ̀mù nínú Microsoft Word yóò bá àpótí kan pàdé tí ó jẹ́ pé, bí a bá tẹ̀ ẹ́, orúkọ nǹkan púpọ̀ yóò yọ sí abẹ́ rẹ̀ kí a lè mú ọ̀kan. Bí a bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, “àpótí ajábọ́” ni a ó pè é. Orúkọ yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí ohun tí ó bá já bọ́ ti kúrò ní ipò rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín ni pé a pàtẹ ọjà, oníbàárà sì mú èyí tí ó wù ú. Nítorí náà, àtẹ àṣàyàn ni a dábàá.

2. Irú àtẹ mẹ́ta

Orúkọ kan kò tó, nítorí irú àtẹ mẹ́ta ni ó wà, wọ́n sì fi ojú jọra. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn yóò máa wo àìsàn ọ̀kan lára èkejì.

(a) Àtẹ atìwéṣí (a + tì + ìwé + ṣí): èyí ni ti àtijọ́. Kì í ṣí àfi bí a bá ti ti ìwé náà, kò sì lè gbà ju nǹkan 25 lọ.

(b) Àtẹ aláìgbàfikún: Word 2007 ni ó mú un wá. Ó ń ṣí láìjẹ́ pé a ti ìwé, ṣùgbọ́n ohun tí a tò sórí rẹ̀ nìkan ni a lè mú.

(d) Àtẹ agbàfikún: ọjọ́ kan náà ni òun àti (b) dé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí ohun tí ó ń fẹ́ lè tẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i.

3. Àìsàn àti ìwòsàn

Bí àtẹ kò bá ṣí rárá, kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá atìwéṣí ni. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a lọ sí “Restrict Editing” lábẹ́ “Review”, kí a mú “Filling in forms”, kí a sì ti ìwé náà. Bí kì í bá ṣe atìwéṣí, kí a wo “Properties” lábẹ́ “Developer”. Bí a bá ti fi àmì sí “Contents cannot be edited”, kí a yọ ọ́.

Bí àtẹ bá kọ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ tẹ̀ sí i, kò sí àìsàn níbẹ̀: aláìgbàfikún ni. Agbàfikún ni kí a fi rọ́pò rẹ̀. Bí (b) tàbí (d) bá sì di ọ̀rọ̀ lásán, ó ṣeé ṣe kí a ti fi ìwé náà pamọ́ ní ìrísí Word 97–2003, èyí tí kò mọ̀ wọ́n. Kí a tún àtẹ náà ṣe, kí a sì fi ìwé pamọ́ ní ìrísí .docx.

4. Ọ̀ràn àmì ohùn

Àìsàn kan wà tí ó kan àwa tí a ń kọ Yorùbá gan-an. Word kì í gba orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì sórí (b) tàbí (d). Ká ní a ń ṣe fọ́ọ̀mù ohun-èlò, a sì fẹ́ to ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ẹni tí kò bá lo àmì ohùn yóò tẹ “ọkọ” ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Èyí àkọ́kọ́ yóò wọlé, Word yóò sì kọ méjì yòókù. Àwọn kan yóò ní ẹ̀rọ kò gbọ́ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ kọ́: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a tẹ̀ fún un. Àwọn mìíràn yóò fi nọ́ńbà kún un, “ọkọ 2”, “ọkọ 3”. Ìyẹn burú jù, nítorí ẹni tí yóò ka èsì fọ́ọ̀mù kò ní mọ èyí tí a fi ń ro oko yàtọ̀ sí èyí tí a fi ń jagun. Àmì ohùn nìkan ni ìwòsàn rẹ̀.

5. Ìkádìí

Ìlànà tí a tẹ̀lé ni pé kí ọ̀rọ̀-ìperí sọ ìṣe ohun tí a ń pè, kì í ṣe ìrísí rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ “atìwéṣí” ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wò. A rọ àwọn olùkọ́ kí wọ́n dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò nínú kíláàsì, kí wọ́n sì fi èyí tí ó bá sàn jù ránṣẹ́ sí wa.