Ìjíròrò orí WhatsApp: Ta ló yẹ kí olùkọ́ fún ní máàkì?

Ẹ̀kọ́ nípa àròjinlẹ̀ wà lára ohun tí NUC fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe, títí kan ti Crawford n'Ígbẹ́sà. Tí kíláàsì bá wá ń jíròrò lórí WhatsApp, báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tó ronú?

Ká ní olùkọ́ béèrè pé: "Ṣé ọkọ̀ àjàgbé ló ń ba títì wa jẹ́?" Ẹnìkan kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹlòmíì tí dátà rẹ̀ kò pọ̀ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan: "Ọkọ̀ wúwo lóòótọ́, àmọ́ ibi tí kò sí gọ́tà ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Ṣé kì í ṣe omi ni?"

Ẹni kejì yìí ló ni máàkì: ó fèsì sí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, ó sì mú ẹ̀rí wá. Ẹni tí ẹ̀rí bá mú yí èrò padà náà yẹ fún máàkì. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.