Ohun Tí Ìyàwó Euphiletos Kò Sọ

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Yorùbá, alẹ́ ni wọ́n ń sin ìyàwó relé ọkọ. Òun a máa sun ẹkún ìyàwó, àwọn tó ń sìn ín a máa kọrin, bó bá sì dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á bu omi sí i lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé. Ẹni tó mọ èyí kò ní ṣàjèjì púpọ̀ ní Áténì ìlú Gíríìkì, ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn. Alẹ́ ni wọ́n ń sin tiwọn náà. Omi ìsun Kallirrhoe ni ìyàwó fi ń wẹ̀ nílé bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ a gbé ògùṣọ̀ lọ́wọ́. Nílé ọkọ, wọ́n á mú un lọ sídìí ààrò, wọ́n á da ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ lé òun àti ọkọ lórí.

Ọ̀rọ̀ owó ló yàtọ̀. Níbẹ̀, bàbá ìyàwó ló ń kó owó fún ọkọ. Bí ọkọ bá lé obìnrin náà, kó dá owó padà ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, èlé ìdá 18 nínú 100 ń gorí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìyàwó Ischomachus nínú ìwé Xenophon kò tíì pé ọdún 15 nígbà tó wọlé ọkọ. Bàbá àti ọkọ ló ń ṣàdéhùn. Ta ní ń bi ọmọ léèrè?

Ìdí nìyí tó fi ń sú mi bí òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ bá mú ọmọ olówó Áténì, tí kì í sábà jáde, lọ sọ́jà kó lè pàdé olólùfẹ́. (Ọmọ tálákà ń tajà lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í fẹ́ kọ̀tàn ọmọ tálákà.) Mary Renault, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ìwé rẹ̀ The Last of the Wine (1956), àárín ọkùnrin méjì, Alexias àti Lysis, ló gbé ìfẹ́ tó jinlẹ̀ jù sí.

Ṣùgbọ́n ìfẹ́ inú ilé ńkọ́? Ẹ wo ẹjọ́ Euphiletos ará Áténì, tí Lysias, tó ń kọ àwíjàre fún àwọn ẹlẹ́jọ́, bá kọ tirẹ̀. Euphiletos pa Eratosthenes, àlè ìyàwó rẹ̀. Ilé wọn jẹ́ alájà, obìnrin lókè, ọkùnrin nísàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bímọ, wọ́n pààrọ̀ ibùgbé, kí ìyá ọmọ má baà ṣubú lórí àkàsọ̀ bó bá fẹ́ wẹ ọmọ. Ọkọ ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ náà lòun ti fi gbogbo ilé lé ìyàwó òun lọ́wọ́. Lóru ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn dún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, obìnrin náà ní àtùpà ọmọ ló kú, òun lọ tàn án nílé aládùúgbò. Ọkọ rí i pé ó kun àtíkè, bẹ́ẹ̀ ikú arákùnrin obìnrin náà kò tíì pé 30 ọjọ́. Ọkọ kò sọ nǹkan kan.

Níbo ni àlè ti kọ́kọ́ rí obìnrin náà? Níbi ìsìnkú ìyá ọkọ, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba ibi tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ń jáde dé.

Ẹnu ọkọ nìkan la ti gbọ́ gbogbo èyí. Kò dárúkọ ìyàwó rẹ̀ ní kóòtù rárá. Òfin sì ní kí ọkọ tó bá ká àlè mọ́ ìyàwó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kí obìnrin náà má sì wọ ilé òrìṣà ìlú mọ́. Ọmọ, ti bàbá ni. Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ kọ ìtàn náà, ọjọ́ tí ìyàwó náà ń padà sílé bàbá rẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, màá sì jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó rí lára ọkùnrin tó bá pàdé níbi òkú.