Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé iṣẹ́ òòjọ́ ń pa ìwé kíkọ?

Ṣé dandan ni kí òǹkọ̀wé fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ kó tó kọ ìwé gidi? Rárá o! Amos Tútùọlá kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe l'Ékòó nígbà tí ìwé ìtàn rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, jáde lọ́dún 1952. Ẹ wo inú ìtàn náà: tọkọtaya kan ta ikú wọn ní £70:18:6, wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yáni, èlé £3:10:0 lóṣù. Àfi bí ìwé ìṣirò ọ́fíìsì!

Ẹ lè ní ìránṣẹ́ a máa ráyè jókòó. Òótọ́ ni. Buchi Emecheta ńkọ́? Ọmọ márùn-ún ló ń dá tọ́ ní London, ó ń kàwé ní yunifásítì, síbẹ̀ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1972.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń sọ pé ọmọ ò jẹ́ kóun kọ̀wé.