Aago tó ń ka àkókò gbogbo ayé: Ẹ má tètè ta èyí tó wà nísàlẹ̀ àpótí Bàbá

Bí èèyàn bá ti Ìbàdàn bọ̀, tó kọjá Aṣèjìrẹ́, tó sì wọ Ìkirè, àwọn tó ń ta dòdò Ìkirè létí títì ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Kò ní pẹ́ sí i tí yóò fi dé Àpòmù. Ìlú àwọn olóko kòkó ni ìlú méjèèjì yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ́pọ̀ kéèyàn dé ilé àgbà tó ti jẹ owó kòkó rí kó má bá àpótí nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Inú àpótí bẹ́ẹ̀ ni ìwé ilẹ̀ máa ń wà, àti fọ́tò àtijọ́, aṣọ òkè tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó, àti aago ọwọ́ tí wọ́n ní kò ṣiṣẹ́ mọ́. Aago yẹn gan-an la fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, pàápàá èyí tí wọ́n kọ orúkọ ìlú káàkiri àgbáyé sí ojú rẹ̀.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni mò ń sọ, ilé wa ni mo ti rí i. Bàbá tó bí bàbá mi, ọmọ bíbí Ìkirè, lọ sí Mẹ́kà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1972, ó sì ra aago Seiko kan bọ̀ láti Jẹ́dà. Orúkọ ìlú ló yí ojú aago náà po bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Bàbá kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dá Paris mọ̀ dáadáa, nítorí pé olùkọ́ kan ti sọ fún un pé ibi tí wọ́n kọ Paris sí ni kó máa fi ṣe ti Ìkirè. Nígbà tí Bàbá jáde láyé, aago náà di ohun àríyànjiyàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní ayédèrú ni, ó ní bí wọ́n bá ti gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ṣe ló máa ń kú. Ọkùnrin kan tó ń rìn kiri láti ra aago àtijọ́ sì ti fi owó tí kò tó ra kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan lọ̀ wọ́n. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbà.

Ohun tó ń pa aago náà kò ju pé kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́ lọ. Kì í lo bátìrì, kì í sì í ṣe èyí tí a gbọ́dọ̀ máa yí orí rẹ̀ láràárọ̀. Irin pẹlẹbẹ kan tó rí bí ìlàjì òṣùpá ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó wọ aago bá ti ń ju apá ni irin yìí ń yí, òun ló sì ń ká sípírínì. Bí a bá bọ́ ọ sílẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ méjì ni yóò fi lo ohun tó ti ká, lẹ́yìn náà yóò dúró. Ẹ wò ó, ohun tí wọ́n fi ń pè é ní ayédèrú gan-an ló jẹ́ kí n kọ́kọ́ fura pé ojúlówó ni.

Ẹ̀yìn aago la tún yí sí. Nọ́ńbà méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6117, ìyẹn ni orúkọ ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀, ó sì yẹ kí nọ́ńbà kan náà wà lára ẹ̀rọ bí atúnaagoṣe bá ṣí i. Bí ẹ̀yìn bá ń sọ tirẹ̀ tí inú ń sọ òmíràn, ẹnì kan ti kó ara aago méjì pọ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà kejì ni ti ọjọ́ ìbí. Nínú àwọn Seiko ayé ìgbà yẹn, nọ́ńbà tó ṣáájú níbẹ̀ ni ìparí ọdún, èyí tó tẹ̀ lé e ni oṣù. Láti oṣù Kìíní dé oṣù Kẹsàn-án, 1 sí 9 ni wọ́n ń lò. O ni oṣù Kẹwàá, N ni oṣù Kọkànlá, D ni oṣù Kejìlá. Ti Bàbá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 àti 5. Ẹ̀rọ 6117 kò tíì dé ayé ní 1961, wọn kò sì ṣe é mọ́ ní 1981, nítorí náà oṣù Karùn-ún ọdún 1971 ni wọ́n ṣe é ní Japan. Bàbá lọ sí Mẹ́kà lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ Bàbá àti ọ̀rọ̀ aago kò ta kora.

Kí ló wá dé tí Ìkirè fi di Paris? Ìjọba amúnisìn ló fà á. Kí òyìnbó tó dé, ọ̀sán gangan ni ọ̀sán, òjìji ló ń sọ ọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1884, aṣojú orílẹ̀-èdè 25 pàdé ní Washington ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi ìlà tó gba Greenwich nílùú London kọjá ṣe ìbẹ̀rẹ̀ kíka ayé. Láti ibẹ̀ ni pínpín ayé sí ọ̀nà 24 ti fìdí múlẹ̀. Ní Èkó, ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1905 ni wọ́n ní kí gbogbo aago máa tẹ̀ lé Greenwich. Ní 1908 wọ́n tún padà sí àkókò oòrùn Èkó fúnra rẹ̀, tó fi ìṣẹ́jú 13 àti díẹ̀ ṣíwájú. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1914, ọjọ́ tí Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ni wọ́n sọ ọ́ di ààbọ̀ wákàtí. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1919 ló di wákàtí kan gbáko, ibẹ̀ la sì wà di òní. Àwọn ará Làìbéríà ní tiwọn kò gbà fún ẹnikẹ́ni: ìṣẹ́jú 44 àti ààbọ̀ ni wọ́n fi wà lẹ́yìn Greenwich títí di oṣù Kìíní ọdún 1972. Kò sí aago àgbáyé tó lè ka ti Monrovia nígbà náà láìṣìṣe.

Àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ àbájáde wákàtí kan gbáko yìí, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ìtàn rẹ̀. Bí aago bá lu 12 ọ̀sán ní Ìkirè tàbí Àpòmù, oòrùn kò tíì dé àtàrí. Ó di nǹkan bí 12:43 ní ìpíndọ́gba. A máa tètè dé nínú oṣù Kọkànlá, a sì máa pẹ́ títí di nǹkan bí 12:57 nínú oṣù Kejì. Ìdí nìyẹn tí ìrun Àílà kì í fi í bọ́ sí aago 12.

Ẹni tó kó gbogbo ayé sójú aago ọwọ́ kan ni Louis Cottier, atúnaagoṣe ará Carouge lẹ́bàá Geneva ní Switzerland, tí wọ́n bí ní 1894. Bàbá rẹ̀ ti gbìyànjú irú rẹ̀ ṣáájú. Ní nǹkan bí 1931 ni Louis rí i ṣe: ọwọ́ aago ń ka àkókò ilé, òrùka tí wọ́n kọ wákàtí 24 sí ń yí lọ fúnra rẹ̀, orúkọ ìlú sì yí i ká. Ilé iṣẹ́ ńláńlá bíi Patek Philippe gba ọgbọ́n náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú aago bẹ́ẹ̀ tí Patek fi platinum ṣe ní 1939 ni wọ́n tà ní gbàǹjo ní Geneva ní 2002, iye owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ owó Switzerland. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, òmíràn gba nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là ní Hong Kong. Kí ẹnikẹ́ni má sáré lọ tú àpótí nítorí èyí o! Irú èyí kò wọ́pọ̀ ní oko kòkó. Tissot, tó ṣe tirẹ̀ ní 1953, àti Seiko, tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1964 nígbà ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo, ló ṣeé ṣe kéèyàn rí. Owó wọn kò kọ́ ilé, ṣùgbọ́n ó ju kẹ́ẹ̀gì epo lọ dáadáa.

Ibi tí owó bá wà ni ayédèrú máa ń wà. Ẹ fi etí wo aago kẹ́ ẹ sì fi ojú gbọ́ ọ, bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni. Oṣù Kejìlá ọdún 1969 ni aago ọwọ́ oníbátìrì àkọ́kọ́ irú èyí tó kún ọjà lónìí jáde ní Japan. Bí ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá bá ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ẹni tó ń tà á sì ní ti ọdún 1955 ni, ẹ kí i pé ó dàárọ̀. Ti àtijọ́ ń rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni.

Orúkọ ìlú náà ń jẹ́rìí. Títí di 1940, London àti Paris ló jọ ń lo àkókò kan náà; àwọn ọmọ ogun Jámánì tó gba Paris ló sún un síwájú, kò sì padà sẹ́yìn mọ́. Aago tó kọ méjèèjì sí ojú kan náà ń tọ́ka sí ìgbà tó ṣáájú èyí. Dacca di Dhaka ní 1982, Bombay di Mumbai ní 1995. Bí wọ́n bá kọ Mumbai sójú aago tí wọ́n pè ní ti 1960, irọ́ ń bẹ níbì kan. Ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ lórí aago tuntun kì í ṣe ẹ̀rí jìbìtì, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ kì í tètè yí orúkọ padà.

Ẹ yá gíláàsì tí àwọn atúnaagoṣe ń fi sójú, kí ẹ fi wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà ojúlówó máa ń gún régé. Èyí tí wọ́n tún kùn máa ń wú létí, tàbí kí ó wọ́. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti fi ìfẹ́ ba aago bàbá wọn jẹ́. Wọ́n á gbé e lọ kí wọ́n bá wọn kùn ún kó lè dán. Ojú aago tó ti pọ́n díẹ̀, tó jẹ́ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ni àwọn tó ń kó aago jọ ń wá. Èyí tí wọ́n tún kùn, ọ̀pọ̀ wọn kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ewu mìíràn tún wà níbẹ̀. Ohun tó ń tàn lókùnkùn lójú aago tó ṣáájú àwọn ọdún 1960 lè jẹ́ radium, májèlé ni. Bí kò bá tàn mọ́, kò túmọ̀ sí pé ó ti tán, àwọ̀ tó ń gbé iná jáde ló kú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí i, kó má fi ọ̀bẹ hó o, kó má sì fẹ́ eruku rẹ̀ símú.

Ní ti Patek, ilé iṣẹ́ náà, tó ti wà láti 1839, ní ìwé àkọsílẹ̀. Wọ́n lè fi ọdún tí wọ́n ṣe aago àti ọjọ́ tí wọ́n tà á ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín, tó bá sanwó. Ìwé yẹn ń jẹ́rìí pé wọ́n ṣe irú aago bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Bóyá ara rẹ̀ gan-an ló wà lọ́wọ́ yín, ojú onímọ̀ ló lè sọ ìyẹn.

Ọjà Àpòmù ti mọ irú ẹjọ́ yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣòwò ti jà lórí ataare tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ìjà náà ló sì di ogun Òwu. Ataare ṣeé kà lójú ọjà. Aago ẹlòmíì ni kò ṣeé kà bí a kò bá ṣí i.

Aago Bàbá kò lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó pè é ní ayédèrú ló ń wọ̀ ọ́ báyìí, torí ọmọ rẹ̀ wà ní London. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí òrùka náà: kí Paris dojú kọ wákàtí tí a wà, kó wá wo London. Ní ìgbà òtútù ó bá a mu, wákàtí kan ni London fi wà lẹ́yìn wa. Láti ìparí oṣù Kẹta sí ìparí oṣù Kẹwàá, wọ́n ń sún tiwọn síwájú, àkókò wa á sì di ọ̀kan, aago kò mọ ìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo ń padà sí Ìbàdàn, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n na apá wọn hàn mí. Aago méjìlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Làdáánì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun, wọ́n sì dìde lọ ṣe àlùwàlá.