Nígbà Tí Oríkèé Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Bá Ń Ké

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń fi í kó iṣu, gàrí àti sìmẹ́ǹtì. Púpọ̀ nínú wa ni ó mọ iye epo tí ọkọ̀ wa ń mu, tí ó sì mọ ìgbà tí a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ohun tí ó so táyà iwájú mọ́ ara ọkọ̀ kò pọ̀ rárá.

Ohun tí ojú mi rí ni ó mú mi kọ èyí. Ní ọjọ́ kan, mo bá aládùúgbò mi kan wọ pikọ́ọ̀pù rẹ̀, nígbà tí ó kó iṣu láti Ṣakí bọ̀ wá sí Ìbàdàn. Láti ìgbà tí a ti gbéra ni iwájú ọkọ̀ ti ń dún kò, kò, kò, nígbàkígbà tí a bá bọ́ sí kòtò. Ó ní kí n má fòyà, pé mẹkáníìkì ti bá òun tọ́jú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ọjà, tí ó rọra ń yà, a gbọ́ ìró ńlá kan. Iwájú ọkọ̀ lulẹ̀, táyà ọ̀tún sì dà síta bí ẹsẹ̀ ẹni tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé a kò sáré. Nígbà tí a tú u wò, a rí i pé ògbólógbòó bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni ọ̀gbẹ́ni náà fi iná yọ́ lẹ́nu, tí ó sì fi òòlù pa á pọ̀ kí ó lè le.

Kí ni à ń pè ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì? Ẹ wo egungun itan ènìyàn: orí rẹ̀ rí roboto, inú ihò ìbàdí ni ó sì ti ń yí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ọkọ̀ rí. Bọ́ọ̀lù irin kan ń bẹ nínú ife irin, gíríìsì yí i ká, a sì fi rọ́bà bò ó. Òun ni ó jẹ́ kí táyà lè máa gòkè kí ó sì máa sọ̀kalẹ̀ lórí kòtò, kí ó sì tún lè yí sí ọ̀tún àti sí òsì. Nínú àwọn Hilux tí ó jáde láti nǹkan bí ọdún 2005, apá irin méjì ni ó mú táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Sípíríǹgì gúnlẹ̀ sórí ti ìsàlẹ̀, nítorí náà jọ́ìntì ìsàlẹ̀ ni ó ń ru ẹrù jù. Ọ̀pá tairọ́ọ̀dù ni ó ń gbé àṣẹ sítíárìn lọ bá táyà, òun náà sì ní jọ́ìntì tirẹ̀ ní ẹnu.

Ọ̀tá jọ́ìntì wọ̀nyí ni yanrìn àti omi. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti ya, gíríìsì a jáde, yanrìn a wọlé, a sì máa lọ irin náà bí ọlọ ti ń lọ ata. Kòtò àti ẹrù àpọ̀jù a sì parí iṣẹ́ náà.

Kì í ṣe ọkọ̀ tí ó ti gbó nìkan ni èyí kàn. Ní ọdún 2005, ilé-iṣẹ́ Toyota pe ọkọ̀ tí ó lé ní 700,000 padà ní Amẹ́ríkà, tí àwọn pikọ́ọ̀pù Tacoma ti ọdún 2001 sí 2004 wà nínú wọn, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ wọn ti ní ìhà láti ilé-iṣẹ́, kí ó sì tètè jẹ. Ẹni tí ó bá ra irú rẹ̀ ní tòkunbọ̀, kí ó kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn. Nínú irú ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ gúnlẹ̀ sórí apá ìsàlẹ̀, abẹ́ apá náà, ní ìtòsí táyà, ni kí ẹ ti jáàkì bọ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ẹ bá ti í bọ abẹ́ férémù, sípíríǹgì yóò na apá náà sílẹ̀, yóò fún jọ́ìntì pọ̀, àbùkù rẹ̀ yóò sì fara pamọ́. Ẹ fi irin tí ó lágbára gbé ọkọ̀ ró. Jáàkì nìkan kò tó. Ẹ fi ọ̀pá irin ti abẹ́ táyà gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan máa wo jọ́ìntì: bí bọ́ọ̀lù bá ń fò nínú ife rẹ̀, ó ti jẹ. Ẹ mú òkè àti ìsàlẹ̀ táyà, kí ẹ sì mì í. Bí ó bá ń mì, kí ẹlòmíràn tẹ bíríìkì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn ni ó dẹ̀. Bí kò bá dáwọ́ dúró, jọ́ìntì ni kí ẹ fura sí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì táyà, kí ẹ tún mì í. Bí ó bá ń mì níbí, tairọ́ọ̀dù ni kí ẹ wò. Táyà tí ó jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, àti sítíárìn tí kò dúró lójú kan, ẹlẹ́rìí ni àwọn náà.

Ní ti àtúnṣe, jọ́ìntì tí ó ti jẹ, pípààrọ̀ ni oògùn rẹ̀. Iná àti òòlù kò lè sọ ọ́ di tuntun. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá fún mọ́ ihò, etí irin tí ihò náà wà ni kí a fi òòlù lù, kí a má ṣe lu orí jọ́ìntì. Bí ó bá jẹ́ tairọ́ọ̀dù, kí a ka iye ìgbà tí ẹnu rẹ̀ yí kí ó tó jáde, kí a sì fi iye kan náà dá tuntun padà. Bí ihò pín kò bá ṣe déédéé lẹ́yìn tí a ti fún nọ́ọ̀tì, kí a fún un sí i díẹ̀. Kí a má ṣe dẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Pín tuntun ni kí a lò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí a gbé ọkọ̀ lọ síbi tí a ti ń ṣe aláímẹ́ǹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, táyà tuntun yóò tún jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé owó ṣọ̀wọ́n. Aládùúgbò mi náà rò pé òun fi owó díẹ̀ pamọ́. Iṣu tí ó fọ́ ní ọjọ́ náà nìkan, ó ju owó jọ́ìntì tuntun lọ, a kò tíì ka ẹ̀mí wa mọ́ ọn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ kò, kò, kò ní iwájú ọkọ̀ yín, ẹ má ṣe fi orin bò ó mọ́lẹ̀. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.