Fọ́tò Kọjá Sórí Kọ̀ǹpútà, Dátà Ò Dín

Ẹni tó bá lọ tẹ fọ́tò tàbí ìwé jáde ní ṣọ́ọ̀bù onítẹ̀wé mọ ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ gbọ́: "Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp." Oníbàárà á ná dátà, onítẹ̀wé náà á ná tirẹ̀, kí fọ́tò tó wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó síbẹ̀ lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ sọ́nà jíjìn, kó tó padà wá sórí tábìlì tó wà níwájú rẹ̀. WhatsApp a sì máa dín ìwọ̀n fọ́tò kù lójú ọ̀nà, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí páálí ńlá, ojú fọ́tò a ṣe bàìbàì.

Ọ̀nà kúkúrú tó wà láàárín fóònù àti tábìlì yẹn ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe Bluetooth. Ìgbì rédíò ni. Ilé iṣẹ́ Ericsson ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ìlú Lund, lórílẹ̀-èdè Sweden, ní nǹkan bí 1994, kí wáyà lè dín kù láàárín fóònù àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn. Ní 1998, Ericsson, Intel, Nokia, IBM àti Toshiba dá ẹgbẹ́ tó ń bójú tó o sílẹ̀. Jim Kardach ti Intel ló dábàá orúkọ náà, láti ara Harald Bluetooth, ọba Denmark kan ní ọ̀rúndún kẹwàá tó kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ sábẹ́ adé kan. Orúkọ onígbà díẹ̀ ni wọ́n pè é nígbà yẹn. Kò kúrò mọ́.

Orí ìgbì gìgáhẹ́ẹ̀tì 2.4 ló ń rìn, ibi tí Wi-Fi náà ń gbà. Kí wọ́n má baà máa kọlura, Bluetooth pín ojú ọ̀nà náà sí 79, ó sì ń fò láti ọ̀kan dé èkejì nígbà 1,600 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ibi tí wàhálà ọ̀pọ̀ èèyàn wà rèé. Fóònù Android ti so pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà Windows, nọ́ńbà mẹ́fà tó yọ lójú méjèèjì bára mu, síbẹ̀ gbogbo fáìlì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ń kùnà. Fóònù kò bàjẹ́. Windows kì í gba fáìlì àfi bí ẹnì kan bá sọ fún un pé kó múra sílẹ̀: bí èèyàn bá tilẹ̀ mọ àlejò rẹ̀ dáadáa, kò ní kó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Kí wọ́n wá àmì Bluetooth nítòsí aago tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi bọ́tìnnì ọ̀tún lára máòsì tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì mú "Receive a File". Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ń dúró ni kí oní-fóònù tó ṣí fọ́tò, kó tẹ "Share", kó mú Bluetooth, kó sì yan orúkọ kọ̀ǹpútà náà. Bó bá wọlé tán, kí wọ́n rántí tẹ "Finish".

Fọ́tò MB 4 lè kọjá láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Fíìmù MB 700 lè gba bí ìṣẹ́jú 50, ẹni tó bá sì ní wáyà USB nítòsí kò yẹ kó fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ ara rẹ̀. Àwọn tó ń ta fóònù a máa fi "Bluetooth 5" polówó pé ó yára ju ti àtijọ́ lọ. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ̀ka tí kì í jẹ bátìrì, èyí tí aago ọwọ́ àti irú wọn ń lò, ni ìyára náà bá. Fáìlì ṣì ń gba ọ̀nà tí wọ́n là ní 2004.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni kò ní Bluetooth nínú. Ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ ojú USB tó ń fún un ní agbára náà. Kí wọ́n má ṣe kì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ háàdì dírífù USB 3.0, nítorí ìyẹn a máa da ìgbì 2.4 rú.

Kí oní-iPhone má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu: iPhone kì í fi Bluetooth lásán gbé fọ́tò fún Windows. Fún Android, Quick Share ti Google yá ju gbogbo èyí lọ. Bluetooth ló fi ń wá kọ̀ǹpútà rí, Wi-Fi ló sì fi ń gbé ẹrù, láìfọwọ́ kan dátà.

Bluetooth náà ní ewu tirẹ̀: ní 2004, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Cabir gba Bluetooth ràn láti fóònù dé fóònù, àwọn tó sì tẹ "Yes" sí ohun tí wọn kò mọ̀ ló kó o. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba ohun tí kò mọ̀. Ẹni tó bá sì lo kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, kó tó kúrò níbẹ̀, kí ó ní kí onítẹ̀wé pa fọ́tò náà rẹ́ lójú òun, kí ó yọ orúkọ kọ̀ǹpútà yẹn kúrò lórí fóònù rẹ̀, kí ó sì pa Bluetooth.